Aago Kan Ló Kù

Rúlà ni Bàbá Ìṣẹ́jú fi tẹ ìlà náà mọ́lẹ̀, bí ẹni tẹ alángbá nírù kó má baà sá lọ. Ìwé ńlá ẹnu géètì ilé ìwòsàn ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde sí, ó sì ti ka ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ Àìkú, àná. Igbákejì ọ̀gá ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà. Wọlé: aago mẹ́sàn-án. Jáde: aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

Adènà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sójú. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì wá sẹ́nu géètì, kò sì tíì jáwọ́ nínú kó kọ́kọ́ wo ẹni tó bi í ní ìbéèrè láti òkè délẹ̀.

"Èmi ni, ọ̀gá. Àbí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò jọ tèmi mọ́ ni?"

"Ó dá yín lójú pé aago mẹ́sàn-án ló wọlé?"

"Bó ṣe dá mi lójú pé ẹ̀yin lẹ dúró síwájú mi yìí. Ó kí mi, mo kí i, mo wo aago ọwọ́ mi, mo kọ ọ́."

"Ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ kọ nǹkan mìíràn?"

"Bíi ta ni?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Bírò mi kì í parọ́, ọ̀gá. Ó lè gbẹ. Wọ́n lè yá a lọ kí wọ́n má dá a padà. Àmọ́ kì í parọ́."

Bàbá Ìṣẹ́jú rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí ẹni tó ti mọ ìdáhùn máa ń rín. Ó fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé náà, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Orí àtẹ̀gùn ló wà tó ti ń rò ó: kí ló dé tí Tíṣà fi nu gíláàsì kó tó dáhùn? Gíláàsì náà ò dọ̀tí. Ẹni tó bá ń nu ohun tí kò dọ̀tí, àyè ló ń wá láti ronú. Ẹni tó bá sì ń wá àyè ronú, òótọ́ kọ́ ló fẹ́ sọ.

Kì í ṣe Bàbá Ìṣẹ́jú ni òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún tó ti ilẹ̀kùn ìpàdé mọ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan síta nítorí ìṣẹ́jú méjì ló gba orúkọ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń pè é lójú rẹ̀. Wọ́n fi ń bú u ni, òun gbà á bí oyè. Òun ni olórí ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà, ọdún méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì, ó sì dá a lójú pé gbogbo ilé ìwòsàn náà, láti yàrá ìgbẹ̀bí títí dé ilé ìdáná, ọwọ́ òun ni wọ́n ti ń bu aago mu bí ẹni bu omi. Aago ọwọ́ aláwọ̀ wúrà kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ máa ń ká láràárọ̀, ìgbà méjìdínlógún, kì í dín, kì í lé.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní àjà kejì. Tábìlì kan, àga rẹ̀, àga àlejò ní ọwọ́ ọ̀tún, kọ̀ǹpútà kan tí ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn. Ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà, lápá ọ̀tún, ló lẹ sítíkà wúrà kan mọ́, tó fẹ̀ tó ìka méjì: Òṣìṣẹ́ Tó Ta Yọ Jù Lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n fún un. Ó fara balẹ̀ yan ibẹ̀ ni, torí pé ẹni tó bá jókòó sí àga àlejò kò lè ṣàì rí i. Nọ́ńbà wẹ́wẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí ẹni tó ní irú aago ọwọ́ tirẹ̀ kò nílò.

Ó jókòó, ó tún ṣí àkọsílẹ̀ tó bà á nínú jẹ́ láàárọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ, níbi tí àwọn kọ̀ǹpútà àgbà wà, kì í ṣí fún ẹni tí kò ní káàdì, ó sì máa ń rántí káàdì tó bá ṣí i. Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ìwé Tíṣà mu, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ti ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ wà. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, káàdì igbákejì rẹ̀ wọ yàrá náà ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó jáde ní aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Ó mú bébà, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Èkíní: láti ẹnu géètì dé yàrá ẹ̀rọ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kódà fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Obìnrin yìí wọlé láago mẹ́sàn-án. Níbo ló fara pamọ́ sí fún odidi wákàtí kan? Èkejì: Tíṣà ní ó jáde kí aago méjìlá tó lù. Ta ni ó wá fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ fún, tí onítọ̀hún fi wà nínú yàrá náà fún odidi wákàtí kan lẹ́yìn tó lọ? Ẹlòmíràn ì bá wo wákàtí kan lókè, wákàtí kan nísàlẹ̀, kó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Bàbá Ìṣẹ́jú rí ọ̀tẹ̀ méjì.

Inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń fura. Ìfura tí kò rí oúnjẹ jẹ a máa dun èèyàn.

Ọjọ́ Ẹtì náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Àìkú kan báyìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìlú máa ń ti aago síwájú ní wákàtí kan. Lọ́dún yìí, ìjọba yí èrò padà. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré tí wọ́n kéde pé kẹ́nikẹ́ni má ti nǹkan kan mọ́, kí aago dúró síbi tó wà. Fún èèyàn, ìyẹn ò le: kó o má ṣe nǹkan kan ni. Fún kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ni. Inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni ìwé òfin aago wà, ìwé tí ojú ò rí, tó ń sọ ọjọ́ tó yẹ kó ti aago síwájú àti ọjọ́ tó yẹ kó fà á sẹ́yìn fún un. Bí wọn ò bá fi ìwé tuntun rọ́pò ti àtijọ́, kọ̀ǹpútà á ti aago síwájú bó ṣe ń ṣe látẹ̀yìnwá, kò ní bi ìjọba léèrè, nọ́ọ̀sì á sì fún ọmọ ìkókó ní oògùn nígbà tí kò tíì yẹ.

Ní ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, Dókítà Àgbà, obìnrin tó ń darí ilé ìwòsàn náà, béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Bàbá Ìṣẹ́jú ṣì ń tún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe ni igbákejì ti dáhùn.

"Ìwé tuntun náà ti jáde, mà. Kọ̀ǹpútà méjìlélógójì la ní. Mo lè fi sínú wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n padà wá lọ́jọ́ Àìkú láti wò ó bóyá gbogbo wọn dúró síbi tó yẹ." Ó wá yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Tiyín ńkọ́, sà? Ẹ ti dè é mọ́lẹ̀, kì í gba àtúnṣe."

Òótọ́ ni. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí kọ̀ǹpútà yẹn ti dójú tì í lójú àlejò: ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rọ náà gba àtúnṣe, ó kú, ó sì ń tàn padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni jí lójú oorun, tí àwọn àlejò ń wo àjà. Ọjọ́ náà ló ti dè é, tí kò sí ohun tuntun tó lè wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tú u.

"Ìwọ ni o máa wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka aago?" ni èsì tó fọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì náà. "Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Fi tèmi sílẹ̀. Má fọwọ́ kàn án."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ ọn títí tó fi rí i pé Dókítà Àgbà kò bá wọn rín in. Ó kọ nǹkan kan sínú ìwé kékeré iwájú rẹ̀, ó sì pa á dé. Láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé yìí, Bàbá Ìṣẹ́jú kò tíì mọ ohun tó kọ. Pánsá ò fura, pánsá já síná. Òun kì í ṣe pánsá.

Ní aago mẹ́wàá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀rọ. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ máa ń kọ ohun tó ṣe àti ohun tó kù sí, kí ẹni tó ń bọ̀ lè bá a níbẹ̀. Ó ṣí i. Igbákejì ti to nọ́ńbà kọ̀ǹpútà mọ́kànlélógójì lẹ́sẹẹsẹ síbẹ̀, ó sì fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú Bàbá Ìṣẹ́jú fò wọ́n kọjá. Ẹni tó ń wá olè kì í ka ẹrù tí wọn ò jí. Bébà kékeré kan tí wọ́n ṣẹ́ po sí àárín ìwé náà ló mú lójú.

*Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, gbogbo rẹ̀ ti parí. Aago kan ló kù. Ẹ má sọ ọ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn o. Ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá fúnra wọn rí i.*

Ó kà á, ó jókòó sórí páálí tó wà nítòsí, ó tún un kà. Gbogbo rẹ̀ ti parí. Aago kan ló kù. Aago kan ọ̀sán, lónìí. Ẹ má sọ ọ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í wá ṣe káàdì nìkan. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pátá ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì ti dá àkókò. Ohun tó wá dùn ún jù lọ ni pé àkókò ni wọ́n fi ń bá a jà, òun tó jẹ́ pé òun ló kọ́ wọn láti má ṣe pẹ́.

Fóònù rẹ̀ dún bó ṣe padà dé òkè. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Bàbá wọn, ẹ ti jẹun?"

"Mi ò ráyè oúnjẹ. Wọ́n ń gbìmọ̀ lé mi lórí níbí."

"Àwọn wo?"

"Igbákejì mi."

"Èyí tó wá ń bá mi fọṣọ nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi?"

"Ìyẹn gan-an."

"Hùn." Ìyàwó rẹ̀ ní irú hùn kan tó gùn ju gbólóhùn ẹlòmíràn lọ. "Lọ́dún tó kọjá, mẹkáníìkì ló ń gbìmọ̀. Ṣáájú mẹkáníìkì, ológbò aládùúgbò ni."

"Ológbò yẹn ń wò mí."

"Ojú ni Ọlọ́run fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jẹun. Ebi ló máa ń sọ okùn di ejò."

Kò jẹun. Ó kọ lẹ́tà.

Òfin ilé ìwòsàn náà kúrú: ẹni tó bá fi káàdì rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ ọ́ sí Dókítà Àgbà pé kí wọ́n tẹ̀lé òfin. Ó to àwọn aago náà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ti ẹnu géètì ní ọwọ́ òsì, ti ilẹ̀kùn ní ọwọ́ ọ̀tún, ó sì fi àwòrán ìwé Tíṣà tì í lẹ́yìn. Lẹ́tà náà dùn ún kà. Ó dé ìparí rẹ̀ kó tó rántí ìyá igbákejì, tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ní ilé ìwòsàn yìí kan náà, láìgba kọ́bọ̀, nítorí pé ọmọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Òní gan-an jẹ́ ọ̀kan nínú ọjọ́ mẹ́ta náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì. Ó wo sítíkà wúrà náà. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kọ́ ló fi òfin lélẹ̀.

Kò fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́tà Bàbá Ìṣẹ́jú kì í kàn wọlé bí àlejò tí kò kanlẹ̀kùn; ó máa ń sọ àkókò tó fẹ́ kó gbéra fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì fi aago náà sí orí lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan ò yẹ̀. Ó yan aago méjì ọ̀sán, nígbà tí Dókítà Àgbà á ti jẹun tán, tí ara rẹ̀ á ti balẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó fẹ́ kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ láago kan.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago kan lù, ó ti wà ní yàrá ẹ̀rọ, lẹ́yìn pẹpẹ gíga tí wọ́n to àwọn kọ̀ǹpútà sí. Fáànù wọn ń kùn bí oyin. Ó fa ikùn sínú kí ó má baà yọ síta. Òtútù ń mú un, àmọ́ kò sún. Ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ku ìṣẹ́jú kan. Aago kan.

Kò sẹ́ni tó wá.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ tó ń pẹ́ ni wọ́n; òun kọ́ wọn dáadáa, wọn ò gbọ́. Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ilẹ̀kùn ṣí, igbákejì wọlé, òun nìkan, pẹ̀lú ìwé kékeré tó fi máa ń kọ bí yàrá náà ṣe tutù tó sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ó kọ ọ́. Ó yíjú padà láti jáde, ó sì rí bàtà méjì lábẹ́ pẹpẹ.

"Ọ̀gá? Ṣé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ yín ni, sà?"

Bàbá Ìṣẹ́jú jáde síta gbangba, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tò.

"Aago kan ti lù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àwọn tó kù dà?"

"Àwọn wo, sà?"

Ó na bébà náà sí i. Ó ti rò ó pé ara obìnrin náà á gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Ó gbà á, ó kà á bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ dúró síbì kan, ó wo aago tó wà lára ògiri, ó tún wo bébà náà.

"Aago kan ló kù," ni ó kà sókè. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí pẹpẹ, ó sì rọra sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó ń ya ẹran kúrò lára egungun. "Méjìlélógójì la ní, sà. Mo ṣe mọ́kànlélógójì. Aago kan... ló kù."

Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún Bàbá Ìṣẹ́jú ká ní ó rín in.

"Ti ta ni?" ni ó béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án, sà. Àwọn ará ọ́fíìsì fẹ́ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo ṣe kọ ìyẹn. Mo rò pé bẹ́ ẹ bá ti dé láàárọ̀, ẹ máa rí i ní igun kọ̀ǹpútà yín, lápá ọ̀tún nísà—" Àwọn méjèèjì rántí ohun tó wà ní igun náà.

Ó ti sọ lọ́jọ́ Ẹtì pé kí wọ́n fi tòun sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ì bá tú u, kó fi ìwé tuntun sí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Àmọ́ ó sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ lójú ìpàdé tó fi dà bíi pé ó ti ṣe é.

"Ilẹ̀kùn yìí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ó ní aago mẹ́wàá kọjá lo wọlé lánàá."

"Mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni, sà. Ilẹ̀kùn kì í kọ aago ìlú wa sílẹ̀. Aago tó kárí ayé ló ń kọ, kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń wò ó ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín, tiyín sì ti fi wákàtí kan kún un." Ó pa ìwé kékeré rẹ̀ dé. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Wákàtí kan lókè, wákàtí kan nísàlẹ̀. Ọ̀tẹ̀ méjì náà para pọ̀ lójú rẹ̀, wọ́n di ìwé òfin kan tí òun ò pààrọ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀: aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Aago méjì ni lẹ́tà máa gbéra. Ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́ta ṣì wà nílẹ̀, gbogbo wọn ọmọ rẹ̀. Ó dárí ji ara rẹ̀ díẹ̀. Ó rọra jáde, bí ọkùnrin tó ń lọ jẹun. Ó máa pa lẹ́tà náà rẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́.

Ó ti gun ìdajì àtẹ̀gùn kejì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró fúnra rẹ̀.

Aago méjì ti ta ni?

Ó sáré èyí tó kù. Nọ́ọ̀sì kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ fara mọ́ ògiri, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò tíì rí Bàbá Ìṣẹ́jú kó máa sáré rí. Ẹni tó bá mọ àkókò kì í sáré, òun ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó fi èékánná gbo igun sítíkà náà. Ọdún mẹ́rin ti jẹ́ kó le bí èèpo igi. Ó ya ní ìdajì, Òṣìṣẹ́ Tó Ta ṣẹ́ kù síbẹ̀, ó tún fà á, ó ya kúrò. Nọ́ńbà wẹ́wẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n mọ́ tónítóní, wọn ò gbó. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá.

Ibi tí lẹ́tà tó ń dúró máa ń wà ti ṣófo.

Kò tíì mú ọwọ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí tẹlifóònù orí tábìlì dún.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ jẹun ni lẹ́tà yín wọlé," ni Dókítà Àgbà wí. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Mo ti kà á. Ó kọ gàdàgbà lórí rẹ̀ pé aago méjì géérégé ló gbéra. Aago ògiri mi sọ pé aago kan ló lù nígbà tó dé. Mo pe nọ́ọ̀sì àgbà, ó ní aago kan ni. Ẹ jọ̀wọ́, nínú gbogbo wa, aago ta ni kí n tẹ̀lé?"

Ìró ẹsẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Igbákejì ló tẹ̀ lé e gòkè; ó dúró síbẹ̀, kò wọlé, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í wọ ọ́fíìsì náà láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

Bàbá Ìṣẹ́jú mọ àwọn ìdáhùn tó wà. Ó lè ní kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Ó lè ní òun ṣì ń wádìí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í wọ́n ọn.

"Ti igbákejì mi, mà," ni ó wí.

"Ohun tó wà nínú lẹ́tà ńkọ́?"

"Kò sí òótọ́ nínú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà mi nìkan ni kò gba ìwé tuntun. Èmi ni mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án."

Bàbá Ìṣẹ́jú gbọ́ tí Dókítà Àgbà ṣí ìwé kan. "Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì pé kí n bi yín lẹ́yìn ìpàdé: ta ni yóò wá ṣe tiyín? Mi ò fẹ́ béèrè lójú wọn. Mo sì gbàgbé." Ó mí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi láago méjì. Aago méjì tiwa."

Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Sítíkà ti lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ó gbìyànjú láti fi ìka kejì yọ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ ìyẹn náà.

"Lẹ́tà wo, sà?" ni igbákejì béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Ó dìde kúrò lórí àga rẹ̀.

"Wọlé. Wá bá mi tú u."

Obìnrin náà jókòó sí ibi tí ẹlòmíràn kò jókòó sí rí. Ó tẹ ìlà kan, ó tú ohun tí wọ́n dè lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó tẹ ìlà kejì, ìwé òfin tuntun wọlé. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ní igun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, níbi tí gọ́ọ̀mù ṣì ti ń dán, aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú di aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, láìpariwo, bí ẹni tó jókòó sórí àga ẹlòmíràn tó sì dìde. Wákàtí náà padà wá. Ohun tó ti bá a jáde kò bá a padà.

"Ó ti parí, sà," ni ó wí. Kò yíjú. "Lẹ́tà wo ni Dókítà Àgbà ń sọ?"

Bàbá Ìṣẹ́jú na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kan, lẹ́tà náà sì ṣí lójú kọ̀ǹpútà, ti géètì ní ọwọ́ òsì, ti ilẹ̀kùn ní ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú òfin nísàlẹ̀. Ó jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rí i.

Ó wá rìn yí tábìlì ká, ó jókòó sí àga àlejò. Igbákejì ń kà, kò yára. Láti ibi tí Bàbá Ìṣẹ́jú wà, kò lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. Igun kọ̀ǹpútà nìkan ló hàn kedere sí i, bó ṣe fẹ́ kó máa hàn sí àlejò fún ọdún mẹ́rin. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Ó ń wò ó títí tó fi di mẹ́rìnlélógún.